Bàtà Ni Mo Máa Ń Kà Létí Odò

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé omi mú ọmọ kan lọ, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, "Ta ló wà níbẹ̀ tí kò wo ẹ̀yìn ọmọ náà?" Bí ó bá ní kò sí ẹnìkan níbẹ̀, ẹ tún bi í pé, "Ta ló yẹ kó wà níbẹ̀?" Ó ti pẹ́ tí mo ti ń béèrè ìbéèrè méjèèjì yìí lọ́wọ́ àwọn èèyàn, wọn kò sì yé bínú sí mi. Èmi náà kò yé bínú sí wọn.

Kíkọ́ ọmọ ní ìlúwẹ̀ẹ́ ni iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, orúnkún kò jẹ́ kí n lè wọ omi tútù mọ́. Ohun tó mú mi mú gègé ni pé ọmọbìnrin àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì, ó wá bá mi pé òun ń ro irú iṣẹ́ tí òun máa ṣe, kí n sọ tèmi fún òun. Kí n tó la ẹnu, ìyá rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín. "Àǹtí wa, ìyẹn náà ń jẹ́ iṣẹ́? Kí ẹ máa rẹ ara yín sómi bíi pákí?" Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì lọ́jọ́ náà nítorí àlejò wà nílé. Ẹ jẹ́ kí n bì í jáde wàyí, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ ni tàbí kì í ṣe iṣẹ́.

Bí mo ṣe dé ìdí rẹ̀ kò gùn. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí. Mo ka ìwé tíṣà, ìjọba gbé mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan lẹ́bàá Odò Ọbà, lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Owó tí wọ́n ń san tó ra ọṣẹ àti iyọ̀, kò tó ra mọ́tò. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹ̀rù omi ń bà mí débi pé bí mo bá fẹ́ sọdá afárá, àárín títì gan-an ni mo máa ń rìn, àwọn awakọ̀ á sì máa fun fèrè lé mi lórí.

Ọ̀gá mi, Bàbá Àkànní, jẹ́ ọmọ ilé àwọn tó ń fi igbá gbé èèyàn sọdá. Kí afárá tó dé, igbá ńlá ni wọ́n fi ń kó èrò àti ẹrù kọjá odò nígbà òjò. Èrò á di igbá mú, òmùwẹ̀ kan á máa fà á níwájú, èkejì á máa tì í lẹ́yìn. Afárá dé, iṣẹ́ ilé wọn parí, Bàbá wá di apẹja. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń kọ́ àwọn ọmọ abúlé ní ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bi wọ́n ní ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ máa fi àwọ̀n ẹja wá ọmọ ẹlòmíràn mọ́.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́ èmi náà. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Tíṣà, ṣé ìwọ tí o ń rìn láàárín títì nítorí omi tó wà lábẹ́ afárá?"

"Èmi náà ni, Bàbá."

"Ó dáa. Ẹni tó mọ ẹ̀rù ló ṣe é kọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹnu ló máa fi wẹ̀."

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọn kò jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ kan omi. Orí òkúta ni wọ́n gbé mi jókòó sí, kí n máa sọ ohun tí mo rí. Mo ní omi ni mo rí. Wọ́n pòṣé, wọ́n ní afọ́jú pàápàá mọ̀ pé omi ni. Ìgbà tó yá ni mo wá ń rí i pé ibì kan ń dán, ibì kan hun jọ, ibì kan sì wà tí ewé tó já sí i ń yí po láì lọ síwájú. Ibi tí ewé ti ń yí po yẹn, Bàbá ní kí n má ṣe débẹ̀ títí àwọn á fi kú, bí àwọn bá sì kú tán, kí n má ṣe débẹ̀ náà.

Kò sí ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ wọn títí tí o ó fi lè dùbúlẹ̀ sórí omi bí ẹni dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kí etí méjèèjì wà nínú omi, kí imú àti ẹnu wà lókè, kí o sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, wọ́n á bu omi dà mí lójú. Bí mo bá nu ojú, à ń bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀ nìyẹn. "Ta ló máa bá ọ nu ojú láàárín odò?" Mo sunkún lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní omi náà ni ẹkún, kí n má nù ún. Mo bínú sí wọn débi pé mi ò kí wọn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, àmọ́ mo ń wá sódò. Nígbà tí mo wá mọ̀ ọ́n dùbúlẹ̀ tán, wọ́n sọ ohun tí mo fi ń kọ́ gbogbo ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì: ẹni tó bá ń bá omi jà, á rẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ kì í rẹ omi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ọ̀rọ̀ bàtà ṣe wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí Bàbá kọ́kọ́ gbà kí n kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi wá, mo ṣe bí tíṣà ṣe ń ṣe. Mo tò wọ́n sórí ìlà, mo na ìka, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n ní ení, èjì, ẹ̀ta. Àwọn ìyá tó ń fọṣọ létí odò ju aṣọ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti dé iwájú mi kí n tó kà jìnnà.

"Ta ló ní kí o máa ka ọmọ wa?"

"Ẹ má bínú, mà. Mo fẹ́ mọ iye wọn kí wọ́n tó wọ omi ni."

"Iye wọn? Ṣé àgùntàn ni wọ́n? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí o bá kà wọ́n tí ọ̀kan wá dín, ṣé ìwọ lo máa bá wa bí i padà?"

Èmi náà kò ṣàìmọ̀. Ìyá tó bí mi lọ́mọ kò sọ iye ọmọ tí wọ́n bí fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi kú. "Wọ́n wà níbẹ̀" ni wọ́n máa ń wí. Mo bọ̀wọ̀ fún àṣà náà, mi ò sì ní purọ́ pé mi ò bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ iye ọmọ tó wọ omi, báwo ló ṣe máa mọ̀ bóyá gbogbo wọn ló jáde? Mo dúró síbẹ̀, àwọn ọmọ ń wò mí.

Bàbá fà mí sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Kò sẹ́ni tó ní kí o má kà. Bàtà ni kí o kà. Bàtà kò ní ìyá tó máa bá ọ jà."

Òfin bàtà nìyí. Ọmọ á bọ́ bàtà rẹ̀ sí bèbè odò, orí ìlà kan, kí imú bàtà kọjú sí omi. Ẹnìkan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bàtà ẹnìkan. Ọmọ tó bá jáde nínú omi, kó tó mú aṣọ ìnura, kó tó kí ìyá rẹ̀ pàápàá, á kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Bàtà tó bá ṣẹ́ kù sórí ìlà, olówó rẹ̀ ṣì wà nínú omi. Ọmọ tí kò ní bàtà á já ewé, á fi òkúta lé e. Bàtà tirẹ̀ nìyẹn. Bàbá kò ka ìwé kankan, wọ́n kàn bá àṣà ṣe àdéhùn ni, kò sì sí ìyá kan tó tún bá mi jà nípa rẹ̀.

Mo pẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá kí ìjọba tó gbé mi padà sí Ọ̀yọ́. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ìlúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin kò mọ ohun tí obìnrin fojú rí nídìí iṣẹ́ yìí. Bí mo bá gba Ọjà Akẹ̀sán kọjá, àwọn aláṣọ á máa pè mí ní Màmíwọ́tà, wọ́n á ní kí n bá wọn gbé owó wá láti ìsàlẹ̀ omi. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó máa fi òwe lù mí. "Àǹtí, òmùwẹ̀ ní í bómi lọ o." Gbogbo ọmọ tí mo mọ̀ tó bómi lọ ní ayé mi, kò sí òmùwẹ̀ kan nínú wọn. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n má kọ́ ọ ni. Mo ti sọ èyí fún púpọ̀ nínú wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún pa òwe náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Irinṣẹ́ wa yí padà lójú mi. Igbá ni Bàbá fi kọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n á fi ọ̀já dì í mọ́ àyà ọmọ, bí ọwọ́ ọmọ bá ṣe ń mọ́ ọn, wọ́n á máa gbé èyí tó kéré sí i fún un, títí yóò fi ku ahá lásán, ọmọ kò sì ní mọ ọjọ́ tí wọ́n yọ ìyẹn náà. Nígbà tó yá, igbá ńlá wọ́n, a bẹ̀rẹ̀ sí í gba tíúbù táyà lọ́wọ́ fọkanáísà. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ọmọ á jókòó sínú rẹ̀ bí ìjòyè, kò ní kọ́ nǹkan kan, ọjọ́ tí tíúbù bá sì jò, ọ̀rọ̀ di ti Ọlọ́run. Lóde òní, mo ń rí àwọn òbí ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi róbà aláfẹ́fẹ́ sí ọmọ lápá, wọ́n á wá kọjú sí fóònù wọn. Mo ti dìde lórí àga rí lọ bá ìyàwó ilé kan níbi ìgbafẹ́ pé kó gbé fóònù sílẹ̀ kó wo ọmọ rẹ̀. Ó bi mí bóyá èmi ni mo ni òtẹ́ẹ̀lì.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan gbà mí sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n gbẹ́ kòtò omi oníṣìmẹ́ǹtì kan sínú ọgbà, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní púùlù. Obìnrin tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà, Màdáámù ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, "wọ́n" ló sì yẹ kí n máa pè é. N kò ní pè é bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn yìí. Mo ti fún un ní "wọ́n" tó pọ̀ tó nígbà tí mo wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọmọ kan wà láàárín àwọn tí mo ń kọ́, Ràkíyà lórúkọ rẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì gùn. Bàbá rẹ̀, Mállàm Garba, ń ta àlùbọ́sà ní Sábó, ó ti pẹ́ nílùú débi pé Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Àwọn òbí yòókù máa ń bi mí nígbà tí ọmọ wọn máa lè wẹ púùlù já, kí wọ́n lè wá ya fọ́tò. Mállàm kò béèrè ìyẹn. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ púùlù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́ láàárín omi, tí ẹ kò sì sí nítòsí, kí ni yóò ṣe?"

"Á dùbúlẹ̀, Mállàm."

"Sórí kí ni?"

"Sórí omi."

Ó wò mí bí ẹni tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Mo pe Ràkíyà, mo ní kó dùbúlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ rí i. Ó sùn gbalaja sórí omi, ó ń wo òkè, ó ń bá mi sọ ohun tí wọ́n jẹ lọ́sàn-án. Mállàm tẹ̀ síwájú dé etí púùlù, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Alhamdulillahi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹ́ kó dùbúlẹ̀ dáadáa kó tó ṣe nǹkan mìíràn."

Màdáámù wá pinnu pé àwọn ọmọ máa wẹ adágún tó wà lẹ́yìn ìlú, kí gbogbo ayé lè rí ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ òun ń ṣe. Mi ò kọ̀. Ọmọ tó bá mọ púùlù nìkan kò tíì mọ omi. Àmọ́ mo ní kó fún mi láyè láti múra wọn sílẹ̀, torí adágún kì í ṣe púùlù. Nínú púùlù, ọmọ ń rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ibi tó máa dì mú kò sì jìnnà. Nínú adágún, bó bá ki ọwọ́ bọ omi, ọwọ́ ti pòórá. Koríko á máa pa á lẹ́sẹ̀ bí ẹni pé èèyàn ló wà nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ á fẹ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mì, òkè omi á lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á tutù. Bí ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ bá jẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ nípa nǹkan wọ̀nyí, ẹ̀rù ló máa pa á kí omi tó débẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo ṣe ń já koríko dà sínú púùlù, tí mo ń fi í ra àwọn ọmọ lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Mo fi gèlè mi di ojú wọn. Mo ní kí wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Mállàm fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ ṣòkòtò àti ẹ̀wù alápá gígùn. Màdáámù ní kò ní dára nínú fọ́tò. Mo ní bó bá jẹ́ òun ló máa wẹ adágún, kó wọ èyí tó dára nínú fọ́tò. Mo wá kó wọn lọ sétí adágún, a kò wọ̀ ọ́, a jókòó. Mo ní kí Ràkíyà sọ ohun tó rí. Ó ní omi ni. Ẹ lè fọkàn rò ó, mo pòṣé.

Nígbà tí wọ́n wá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, Ràkíyà fò padà sórí ilẹ̀, ó ní nǹkan kan ń fa òun lẹ́sẹ̀. Mo ní kó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kó mú nǹkan náà wá. Ó mú ẹrẹ̀ jáde, ó wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ ti balẹ̀ díẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni pé ó máa ń gbé orí wá bèbè, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá gbé orí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rì. Mo sọ fún un pé, "Bí o kò bá rí mi, má wá mi. Dùbúlẹ̀, kí o máa sọ̀rọ̀. Èmi ni kí n wá ọ."

Ọjọ́ náà pé. Màdáámù ti na kánópì sétí adágún, ó ti pe àwọn èèyàn ńlá, alága ẹgbẹ́ òbí wọ agbádá wá. Mo ní àwọn tó mọ̀ ọ́n dùbúlẹ̀ nìkan ló máa wọ omi.

"Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ dójú tì mí ni? Àwọn èèyàn ńlá ló wà níbí."

"Omi kò mọ èèyàn ńlá, mà."

Ó fi mí sílẹ̀, ó lọ bá apẹja tí mo bẹ̀ pé kó fi ọkọ̀ rẹ̀ dúró láàárín adágún kó máa ṣọ́ àwọn ọmọ. Ìgbà tí mo máa fi gbójú sókè, ó ti gbé fọ́tógíráfà sínú ọkọ̀ náà. Igi gánganràn má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo pariwo kí wọ́n sọ ọkùnrin náà kalẹ̀, wọ́n ní fọ́tò kan péré ló fẹ́ yà.

Àwọn ọmọ bọ́ bàtà, wọ́n tò wọ́n, wọ́n wọ omi. Ẹ̀rín ń pa mí sínú bí mo ṣe ń wò wọ́n, torí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ràkíyà lọ síwájú ju gbogbo wọn lọ. Mállàm wò ó díẹ̀, ó lọ kírun Àlàásárì lẹ́yìn àwọn mọ́tò. Ojú ọjọ́ dà rú lójijì. Ìjì dé, mànàmáná kọ, mo fun fèrè pé kí gbogbo wọn jáde. Fọ́tógíráfà ní kámẹ́rà òun máa bàjẹ́, apẹja gbé e wá sórí ilẹ̀. Kò wá sẹ́nìkan láàárín omi. Òjò yẹn kò rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kàn dà ni, èèyàn kò rí ìwọ̀n ọ̀pá kan níwájú. Àwọn ọmọ ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sábẹ́ kánópì, àwọn mìíràn kó wọ mọ́tò. Mo yíjú sí ìlà bàtà kí n mọ ẹni tó kù. Kò sí bàtà kankan nílẹ̀.

Ìyàwó alága ló kó wọn. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Bàtà ọmọ wọ́n bí ojú lásìkò náà, ó rí i pé òjò fẹ́ pa wọ́n, ó sáré kó gbogbo wọn sínú àpò, ó ń gbé wọn lọ sí bọ́ọ̀tù mọ́tò wọn. Ó rò pé òun ń ṣe oore fún wa.

Mo sáré wọ abẹ́ kánópì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọmọ sókè. Alága di ọwọ́ mi mú.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Nínú irú ìjì yìí? Ẹ̀yin náà ọmọ Yorùbá ni. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

"Ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀, sà."

"Gbogbo wọn ló ti jáde," Màdáámù ní. "Ẹ má da jìnnìjìnnì bo àwọn àlejò mi."

Mo já ọwọ́ mi gbà. Mo gba àpò lọ́wọ́ ìyàwó alága, mo da bàtà sínú ẹrẹ̀ níwájú gbogbo àwọn èèyàn ńlá, mo ní kí oníkálukú wá wọ tirẹ̀. Mo pe àwọn tó wà nínú mọ́tò jáde. Àwọn òbí ń bú mi pé mo ń fi òjò pa ọmọ àwọn. Ọmọ ń mú bàtà, bàtà ń dín kù, títí ó fi ku bàtà róbà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo, ti Ràkíyà.

Màdáámù ní á ti lọ bá bàbá rẹ̀. Ní ẹsẹ̀ kan náà ni Mállàm yọ láti ẹ̀yìn mọ́tò, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin. Òun nìkan ni. Ó wo bàtà, ó wò mí. Mi ò mọ ohun tí mo sọ fún un. Mo ti wà nínú omi.

Ojú kò wúlò nínú òjò yẹn. Mo lọ síbi tí mo ti rí i kẹ́yìn, mo dúró, mo pa ẹnu mọ́. Ariwo òjò lórí omi ni mo ń gbọ́. Mo ń bínú, mo ń bínú gan-an, orúkọ Màdáámù ni mo ń pè nínú mi dípò kí n máa gbàdúrà. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ ohùn kékeré kan lápá ọ̀tún, níbi tí koríko ti pọ̀. Kò pariwo. Ó ń sọ ọ́, ó tún ń sọ ọ́:

"Àǹtí, mo dùbúlẹ̀. Àǹtí, mo ti dùbúlẹ̀ o."

Omi òjò ń dà sí i lójú, kò nù ún. Mo mú un lápá, mo fà á lọ sí bèbè. Mállàm ti wọ omi títí dé àyà, bẹ́ẹ̀ òun kò mọ ìlúwẹ̀ẹ́. Ó gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì sunkún bí obìnrin tó ń rọbí.

Ẹ ó rò pé ọjọ́ náà ni wọ́n máa gbà pé ìlúwẹ̀ẹ́ dára. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdúpẹ́, àwọn onígbàgbọ́ dúpẹ́ tiwọn, àwọn mùsùlùmí dúpẹ́ tiwọn, èmi náà bá wọn dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni Màdáámù pe mítìnnì. Alága dìde, ó ní omi fẹ́ mú ọmọ, Ọlọ́run ni kò gbà. Ó ní kíka tí mo ń ka àwọn ọmọ sókè láàárín ìjì kò dára, pé ayé ń gbọ́. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún níbẹ̀, ó ní òun ló kó bàtà. Gbogbo wọn sáré rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Màmá, kì í ṣe ẹjọ́ yín, iṣẹ́ ọ̀tá ni." Ohun tó bí mi nínú jù lọ nìyẹn, títí dòní. Obìnrin yẹn nìkan ló sọ òótọ́ nínú yàrá náà, wọ́n sì gba òótọ́ náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá tún gbé bàtà síwájú rẹ̀ lọ́la, á tún kó o.

Mo dìde, mo ní omi kò fẹ́ mú ẹnikẹ́ni. Mo ní èèyàn ló gba ọkọ̀ fún fọ́tógíráfà, èèyàn ló kó bàtà, èèyàn ló di ọwọ́ mi mú, ohun tí a kọ́ ọmọ náà ló sì gbà á là. Màdáámù ní kí n jókòó, mi ò jókòó. Wọ́n fòfin de ìlúwẹ̀ẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n da erùpẹ̀ sí púùlù, wọ́n gbin òdòdó sórí rẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n.

Mo gba àyè nínú ọgbà ilé àlejò kan tó ní púùlù kékeré, mo kọ pátákó síta. Ẹnìkan kò wá. Ìròyìn ti kárí ìlú pé èmi ni tíṣà tó fẹ́ fi ọmọ bọ omi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí mo ti ń ro bí mo ṣe máa padà sí Ọ̀yọ́ lọ ṣí ìsọ̀, Mállàm Garba wọlé. Ó di Ràkíyà lọ́wọ́ mú, àwọn àbúrò rẹ̀ kéékèèké tẹ̀ lé wọn. Àwọn ni mo fi tún iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀, mo sì ṣe é títí mo fi fẹ̀yìn tì.

"Mállàm, ẹ káàárọ̀. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Àǹtí. Àwọn àbúrò rẹ̀ ni mo kó wá."

"Ṣé ẹ kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ní mítìnnì ni?"

"Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀."

"Ẹ̀rù kò sì bà yín?"

Ó wo omi, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ó ń bà mí, Àǹtí. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tíì sùn dáadáa. Bí ẹ̀rù kò bá bà mí, kí ni mo wá ṣe níbí?"